Ẹrù Ọmọ Tó Wà ní Oǹdó

Ohun mẹ́tàlélógún ni ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa ní ọjọ́ tí ìyàwó mi fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àkúrẹ́. Mo kà á ní ìgbà mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí. Rọ́bà ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Òwú ńlá méjì. Ìbọ̀wọ́ páálí kan. Sípíríìtì. Abẹ́rẹ́. Ohun tí a fi ń há ìwọ́ ọmọ. Omi apakòkòrò ìgò méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ara. Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí ilà wíwọ́ kan gbé gba àárín lẹ́tà kọjá, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì tó fún wa ní ìwé náà sọ pé kí gbogbo rẹ̀ pé kí oyún tó pé oṣù méje, nítorí pé ìjọba kò fún àwọn ní nǹkan kan.

"Ẹrù yín ni a ó fi gbẹ̀bí yín," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì kọjú sí ẹni tó kàn.

N kò kùn. Ọdún mẹ́fà ni a ti ń wá oyún yìí. Bí wọ́n bá ní kí n gbé òrùlé ilé ìwòsàn náà wá pẹ̀lú, ǹ bá ti lọ wá àkàbà.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ojú ọ̀nà Oda. Ìyàwó mi ń ránṣọ ní iwájú ilé tí a háyà. Owó oṣù wa ń wọlé nígbà náà bí omi ẹ̀rọ ìlú ṣe ń wá: ó lè dé lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà mo ta ọ̀kadà mi, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu iṣẹ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ọ̀kadà kì í ṣe ọmọ, bàtà kì í sì í wọ́n tó epo. Ní Sátidé mẹ́rin tó tẹ̀ léra, mo gba Ọjà Ọba lọ pẹ̀lú ìwé náà ní àpò àyà mi, mo ń ra ohun tí agbára mi ká, mo ń fa ilà sí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo mú máàkà tí mo fi ń kọ̀wé sára pátákó ní kíláàsì, mo sì kọ "Ọmọ wa" sára ohun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá ti ìwé mu. Mo ti gbọ́ pé ẹrù máa ń sọnù níbẹ̀.

Ìyàwó mi jókòó sórí ibùsùn, ó ń wò mí.

"Tíṣà, nígbà tí ọmọ náà bá dé, ẹ ó kọ nọ́ńbà sí òun náà lẹ́yìn?"

"Bí ó bá jọ ìwọ, n ó kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má ba à gbé e lọ."

A rẹ́rìn-ín. Mo ń rántí ẹ̀rín yẹn ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ.

Ìyá mi wá kí wa ní oṣù yẹn gan-an. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì jẹ́ àgbà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ní ìjọ rẹ̀ ní Oǹdó. Ó bá ẹrù náà ní igun yàrá, nínú báàgì onílà ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní Gánà-mọ́sì-gò. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Kí nìyí?"

"Ẹrù ọmọ ni, Màmá. Ó ti pé."

"Mo rí i pé ẹrù ti pé. Ọmọ ńkọ́? Òun náà ti dé?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, ìwọ tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ ní ábídí, ta ló kọ́ ọ ní èyí? A kì í kó aṣọ ọmọ sínú ilé kí ọmọ tó wá wọ̀ ọ́. Ilé ẹlòmíràn là ń gbé e pamọ́ sí, kí aboyún má máa sùn tì í."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣáájú èmi, ìyá mi bí ọmọbìnrin kan. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ti kan ibùsùn kékeré sílẹ̀ dè é, ó ti kùn ún, ó ti ta nẹ́ẹ̀tì sí i lórí. Ọmọ náà kò lo ọjọ́ kan láyé. Ibùsùn náà wà ní yàrá fún ọdún kan, nítorí pé kò sí ẹni tó ní àyà láti gbé e jáde. Láti ìgbà yẹn ni ìyá mi ti di olórí àwọn tó ń pa àṣà náà mọ́, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa, àti ọ̀mọ̀wé àti aláìmọ̀wé, ń ra ẹrù ọmọ ní bòńkẹ́lẹ́, wọn a gbé e fún ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú mìíràn, kò sì ní wọlé títí wọn yóò fi gbọ́ pé ọmọ ti ké.

"Màmá," mo wí, "ilé ìwòsàn ló ń béèrè rẹ̀. Kì í ṣe aṣọ nìkan. Ohun tí wọn yóò fi gbẹ̀bí wà nínú rẹ̀."

"Mo gbọ́. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, n ó gbé e wá fúnra mi. Oǹdó sí Àkúrẹ́, ṣé ìyẹn náà ni à ń pè ní ìrìn àjò?"

Ìyàwó mi fọwọ́ kàn mí lápá. "Ẹ jẹ́ kí Màmá gbé e lọ, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

Mo lè sọ pé mo bá wọn jiyàn. N kò bá wọn jiyàn. N kò tilẹ̀ ronú láti yọ ti nọ́ọ̀sì kúrò nínú ti ọmọ, kí n fi ìbọ̀wọ́ àti òwú sílẹ̀, kí aṣọ àti fìlà máa lọ sí Oǹdó. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, èmi ni mo gbé báàgì náà lé orí, tí mo sì gbé e dé ibùdókọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ rẹ̀ pé nígbà tí omira bẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Ìyàwó mi ń lọ ẹ̀wù tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, ó jọ pé ó ti tó àsìkò." Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, takisí ti gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Mátírónì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jókòó sídìí tábìlì ní ẹnu yàrá ìrọbí. Kò wo ìyàwó mi. Ọwọ́ mi ni ó wò, ó sì rí i pé ó ṣófo.

"Ẹrù dà?"

"Ó wà ní Oǹdó, Mà. Ìyá mi ló—"

"Oǹdó?" Ó kọjú sí àwọn nọ́ọ̀sì kékeré. "Ẹ gbọ́ o! Ìyàwó ń rọbí ní Àkúrẹ́, ẹrù ń sinmi ní Oǹdó. Dádì, ṣé Oǹdó náà ni kí á ti lọ bá yín gba ọmọ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo rò pé bí mo bá bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn yóò ṣàánú mi.

"Ẹ jókòó síbẹ̀," ó wí. "Bí ẹrù bá dé, a ó dá yín lóhùn."

Wọ́n fi ìyàwó mi sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀nà àárín ilé. Mo pe ìyá mi. Fóònù rẹ̀ dún títí, kò gbé e. Ọjọ́ Àìkú Ẹgbẹ́ Ìyá ni. Ìyá mi wà ní ìlà iwájú nínú ìsìn, ó ti pa ohùn fóònù rẹ̀, ó sì fi í sínú báàgì. Mo pè é ní ìgbà mọ́kànlá. Mo sáré lọ sí ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìrọbí, níbi tí obìnrin kan gbé ń ta gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà ní ìlọ́po méjì iye tí mo rà á lọ́jà. Kì í ta ẹyọ. Odindi ni ó ń tà. Mo gbà. Mo fi fóònù san owó náà fún un. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Alẹ́ẹ̀tì kò tíì wọlé," ó wí.

"Ẹ wò ó, Mà, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ wo fóònù mi."

"Bọ̀dá, fóònù yín kọ́ ni mo fi ń ra ọjà."

Mo jáde sí títì. Gbogbo ilé òògùn tó wà nítòsí ni wọ́n ti tì pa. Ọjọ́ Olúwa ni. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo kàn. Lẹ́nu ìkẹta ni fóònù mi dún, tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi, tí ariwo àwọn tó ń jáde láti inú ìsìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí gbólóhùn mi. "Mo ti ń bọ̀," ó wí. "Mo ti ń bọ̀, mo ti ń bọ̀." Nítorí pé ó ti ń bọ̀, mo padà lọ jókòó. Ǹ bá ti gba àárín ìlú lọ wá ilé òògùn mìíràn. Bí ọ̀kadà mi bá ṣì wà, bóyá ǹ bá ti lọ.

Nígbà tí mo dé, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì kékeré ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, ó sì ń wo ilẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá mátírónì, ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

"Mà, omi tó ń jáde lára rẹ̀ láwọ̀ ewé o. Ó yẹ kí dókítà rí i."

"Kí ni dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ọwọ́ lásán? Kí wọ́n kó ẹrù wá."

Ìyá àgbà kan láti Ìjù, tó mú ọmọ rẹ̀ wá bímọ, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó tú ẹrù ọmọ rẹ̀, ó sì na ìbọ̀wọ́ sí mátírónì. "Ẹ gba èyí, ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ènìyàn ni."

"Màmá, ẹrù ẹni là ń lò fún ẹni. Bí ti ọmọ yín bá dín, ta ni ẹ ó bi?"

Àgbà obìnrin náà kò gbé ọwọ́ rẹ̀ padà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn mátírónì, kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti yọ. Ó kún fún ìgò apakòkòrò, òwú àti páálí ìbọ̀wọ́. Orúkọ oríṣiríṣi obìnrin ni ó wà lára wọn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. N kò béèrè ohun tí ó jẹ́. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ìyàwó mi fi wà ní òdì kejì tábìlì sí kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ìyá mi dé lẹ́yìn aago kan ààbọ̀. Kò rí ọkọ̀ tètè wọ̀ ní Oǹdó, ọlọ́kọ̀ tó sì gbé e dúró ní Ọ̀wẹnà kí èrò lè kún. Gèlè Ẹgbẹ́ Ìyá ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Báàgì náà wà ní orí gèlè. Ó kúnlẹ̀ fún mátírónì tí ó fi bóyá ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dàgbà jù.

"Ẹ ṣàánú wa. Ẹrù ti dé."

Mátírónì tú báàgì sórí tábìlì. Ó mú bírò pupa, irú èyí tí mo fi ń máàkì ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí kìíní. Ó dé orí kọkànlá, ó dúró.

"Bíléèdì méjì la kọ. Ọ̀kan ni mo rí."

Ìyá mi ń tú aṣọ ọmọ kiri láti wá bíléèdì nígbà tí dókítà ọ̀dọ́ kan gba ọ̀nà náà kọjá. Ó wo ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ta ló jẹ́ kí obìnrin yìí jókòó síbí?"

Nígbà náà ni gbogbo wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọmọbìnrin ni. Irun orí rẹ̀ pọ̀. Kò ké. Dókítà náà gbìyànjú lórí rẹ̀ títí òógùn fi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀, kò sì ké. Ìyàwó mi ń béèrè láti inú yàrá pé kí ló dé tí òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ìyá mi sì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà kékeré kan ní ọwọ́.

Àwọn ènìyàn wá kí wa. Wọ́n ní omi ló dànù, akèrègbè kò fọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n omi kọ́ ni ọmọ mi. Mo ti gbé e lọ́wọ́, ó wúwo.

Ní ìparí oṣù yẹn, mo padà lọ gba káàdì ìyàwó mi ní ilé ìwòsàn náà. Aṣọ ọmọ nìkan ni wọ́n dá padà fún wa ní ọjọ́ yẹn. A kò sì rántí béèrè ìyókù. Bí mo ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yàrá ìrọbí, ọkùnrin kan ń gba ìgò apakòkòrò lọ́wọ́ obìnrin ìsọ̀ náà. Mo rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lára ìgò náà: "Ọmọ wa", àti nọ́ńbà keje.

"Mà, níbo lẹ ti rí ìgò yìí?"

"Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Èmi ni mo kọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ìgò mi ni. Ọmọ mi ni mo rà á fún."

Ó wò mí, ó wo ìgò, ó sì padà sí ohùn Àkúrẹ́ rẹ̀: "Uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Bí wọ́n ti gbé e wá fún mi ni mo ṣe ń tà á. Bí ẹ bá lẹ́jọ́, ẹ lọ bá àwọn tó wà nínú yàrá yẹn."

Mo fẹ́ di ìgò náà mú. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á ń fi ẹsẹ̀ kan gun èkejì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́," ó wí, "ìyàwó mi wà nínú ibẹ̀." Mo yà fún un. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Mo kọ ìwé. Ojú ewé mẹ́fà ni, mo kọ wákàtí, mo kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálukú sọ, mo kọ ti kọ́bọ́ọ̀dù àti ti ìgò. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, mo sì pa ẹ̀dà mìíràn mọ́ fún ilé ìwé ìròyìn. Wọ́n pè mí. Ènìyàn mẹ́ta jókòó, wọ́n fún mi ní omi. Èyí tó wà láàárín wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ọmọdé nímọ̀ràn.

"Ọ̀gá Tíṣà, a bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ṣé a fún yín ní ìwé àbí a kò fún yín?"

"Ẹ fún wa."

"Ẹrù náà, ṣé ó wà níbí ní ọjọ́ ìrọbí?"

"Kò sí níbí."

"Ta ló gbé e kúrò ní Àkúrẹ́?"

Mo ti omi tí wọ́n fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bí ẹ bá fẹ́ kí á ṣe ìwádìí, a ó ṣe é. A ó pe mátírónì. A ó sì pe ìyá yín wá jókòó níbí, kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi gbé ẹrù ìrọbí pamọ́ sí ìlú mìíràn. A ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn oníròyìn náà yóò kọ ọ́."

Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, èyí ló sì burú jù lọ nínú rẹ̀. Òótọ́ kékeré kan ni wọ́n gbé dí ẹnu ọ̀nà, kí òótọ́ ńlá má ba à rí ibi gbà jáde. Mo rí ìyá mi lọ́kàn, tó jókòó níwájú àwọn mẹ́ta yìí pẹ̀lú gèlè rẹ̀, tó ń sọ fún wọn nípa ibùsùn kan tí bàbá mi kàn. Mo na ọwọ́ sí tábìlì, mo sì mú ìwé mi padà. Ẹni náà bá mi ká a dáadáa kí ó má ba à rún.

Ìyá mi kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́ta. Kò tún wá sí Àkúrẹ́ mọ́. Àwa ni à ń lọ bá a. Ní àìsàn rẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí ìyàwó mi jáde lọ pọn omi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọkọ mi, bí mo bá ti fi ẹrù yẹn sílẹ̀ fún yín, ṣé ọmọ náà ì bá ti ké?"

Èmi tí mo ń na ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nítorí irọ́, mo wo ojú ìyá mi.

"Rárá, Màmá. Kì bá tí ké. Dókítà sọ fún mi pé láti inú oyún ni àìsàn ti bá a wá."

Ó wò mí. Ó ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ ju èyí tí mo kọ́ lọ. Kò sí irú irọ́ tí kò tíì gbọ́ rí. "Ó dára," ó wí, ó sì tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

A sin ín ní ọdún tó kọjá. Lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mo ti rí báàgì onílà náà, pẹ̀lú gbogbo aṣọ ọmọ tí wọ́n dá padà. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, bóyá lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé àwọ̀ wọn ti ń ṣí ní ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ po.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìwé kan hàn mí ní yàrá àwọn olùkọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà. Ohun mẹ́tàlélógún ti di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ilà wíwọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì gba àárín lẹ́tà kọjá. Ó bi mí pé níbo ni òun ti lè rí wọn rà lówó pọ́ọ́kú. Mo júwe Ọjà Ọba fún un. Mo ní kí ó gbé ẹrù náà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo sì kọ èyí, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n tún lè pè wá jókòó mọ́ bí kò ṣe èmi.

Mo kà á fún ìyàwó mi kí n tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwé ìròyìn. Kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró títí mo fi dé ibi tí nọ́ọ̀sì kékeré ti sọ̀rọ̀ nípa omi aláwọ̀ ewé. Níbẹ̀ ni ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ẹ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ọdún tí ẹ ti mú ìwé yín padà?"

N kò mọ̀. Ó tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ.